Mount lórí NFS: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀

Ká ní /data lórí Linux rẹ jẹ́ NFS, ìyẹn fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn (sáfà) tó ò ń lò látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o wá tẹ `mount /dev/sdb1 /data` láti so dísìkì kan mọ́ fódà yẹn. Linux ò ní kọ̀ ọ́, kò sì ní kìlọ̀ fún ọ. Dísìkì náà á gun orí NFS, á sì bò ó mọ́lẹ̀. Fáìlì kankan ò sọnù. Ojú ọ̀nà wọn ló dí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò tó ti ṣí fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó mount ò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Orí NFS ló ṣì ń kọ nǹkan sí, nígbà tí ètò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń kọ tirẹ̀ sórí dísìkì. Log kan (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) á wá pín sí méjì láìsí ẹni tó fura. Nítorí náà, dá ètò náà dúró kó o tó mount, lẹ́yìn náà kó o tún un tan.

Má fi df, àṣẹ tó ń fi ààyè orí dísìkì hàn, wádìí, torí ìsàlẹ̀ kì í hàn níbẹ̀. Lo findmnt, àṣẹ tó ń to gbogbo mount, tàbí kó o ka fáìlì /proc/self/mountinfo:

```
412 29 0:52 / /data ... nfs4
498 412 8:17 / /data ... ext4
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti mount fúnra rẹ̀, ìkejì jẹ́ ti òbí rẹ̀: 498 ló jókòó lórí 412. Bó o bá tẹ `umount /data` ẹ̀ẹ̀kan láti tú u, ext4 (ìyẹn dísìkì náà) nìkan ló máa lọ, NFS á sì yọjú padà. Bó o bá ṣì máa nílò NFS náà, ṣe `mount --bind /data /mnt/nfs` kó o tó bò ó, kó lè tún ní ọ̀nà míì tó o máa gbà dé ibẹ̀.

Èyí tí mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ ni kéèyàn mount dísìkì sínú fódà NFS, bíi /data/cache. Bí root_squash (ètò sáfà tó ń gba agbára lọ́wọ́ root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà rẹ) bá wà, root lè má lè dá fódà yẹn sílẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà rẹ. Nígbà náà, orí sáfà lo ti máa ṣe é. Bí dísìkì bá ti gun orí /data/cache kí NFS tó gun orí /data, NFS á bò ó. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí sáfà bá kú: `hard` (kó máa gbìyànjú títí sáfà á fi dáhùn) ni NFS ń lò bí o kò bá sọ ohun mìíràn, ọ̀nà tó lọ sí cache sì gba inú NFS kọjá. Dísìkì rẹ á wà láàyè, àmọ́ ètò tó fẹ́ dé ibẹ̀ á há sí ipò D, ìyẹn ni pé ó kàn ń dúró de sáfà ṣáá.

Mount dísìkì náà sí /var/cache/app, kó o sì kọ ọ̀nà yẹn gan-an sínú config ètò rẹ. Symlink (fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn) látinú /data ò lè gbà ọ́, torí orí NFS kan náà ni symlink ọ̀hún wà.