Omi ni adájọ́: yíyí dẹ́ńsítì láti pọ́ùn sí kílógíráàmù

Ní Iléṣà níbí, ẹni tí ó bá ń kọ́lé kò lè ṣe kó má lo oríṣi òṣùwọ̀n méjì. Kílógíráàmù 50 ni àpò sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n bí ó bá dé sọ́mìlì, íǹṣì àti ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn tó ń la gẹdú yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Èyí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí pákó tí yóò gbé sórí ilé ṣe wúwo tó, tí ó sì ṣí ìwé àtijọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dẹ́ńsítì igi ìrókò jẹ́ pọ́ùn 40 nínú kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà kan, nígbà tí gbogbo ìṣirò òde òní ń béèrè fún kílógíráàmù nínú kúbíìkì mítà kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò sábà máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò le.

Ohun méjì ni dẹ́ńsítì so pọ̀: bí nǹkan ṣe wúwo tó, àti àyè tí ó gbà. Bí a bá yí ọ̀kan tí a kò yí èkejì, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn kan a yí pọ́ùn 40 sí kílógíráàmù 18, wọn a sì dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn a rántí ẹsẹ̀ bàtà, wọn a fi 0.3048, ìyẹn iye mítà tó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, pín in, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò lò ó, bẹ́ẹ̀ gígùn, ìbú àti gíga ni àyè ní, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ó yẹ kí a lò ó.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe àfojúdá. Ní ọdún 1959, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa fẹnu kò pé pọ́ùn 1 jẹ́ kílógíráàmù 0.45359237 gan-an, àti pé yáàdì 1 jẹ́ mítà 0.9144, èyí tó fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sí mítà 0.3048. Bí a bá fi 0.3048 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fún wa ní 0.0283168. Bí a bá wá fi èyí pín 0.45359237, ohun tí yóò jáde ni 16.0185. Nítorí náà, gbogbo pọ́ùn 1 nínú kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ kílógíráàmù 16.02 nínú kúbíìkì mítà, ìrókò wa sì di nǹkan bí 640. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ 640.7385 sílẹ̀. Ẹni tó kọ 40 sínú ìwé kò wọn igi rẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn, igi méjì kì í sì í wúwo bákan náà.

Pákó tó nípọn ní íǹṣì 1, tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà 1 géérégé ni. Inú mi máa ń dùn láti fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé nǹkan tí ó lè fọwọ́ kàn ni. Bí ó bá jẹ́ ìrókò tó ti gbẹ, yóò wúwo tó kílógíráàmù 18. Bí ó bá jẹ́ arère, tí dẹ́ńsítì rẹ̀ wà ní àyíká pọ́ùn 24, kò ní ju nǹkan bí kílógíráàmù 11 lọ. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní omi nínú, yóò sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé igi gbígbẹ ni ìwé sábà máa ń sọ. Kò sí ìyípadà òṣùwọ̀n tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù láti yẹ ìdáhùn wò ni omi. Kúbíìkì mítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù 1,000, kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà omi kan sì jẹ́ pọ́ùn 62.4. Bí a bá fi 62.4 pín 40, a óò rí 0.64, ìyẹn ni pé ìrókò fúyẹ́ ju omi lọ, yóò sì léfòó. Òṣùwọ̀n yòówù kí a lò, 0.64 yìí kì í yí padà. Bákan náà ni ti wúrà tí àwọn awakùsà ń fi omi ṣàn jáde láti inú iyanrìn ní Ìtagùnmódì àti Igun, ní tòsí wa níbí. Kílógíráàmù 19,300 nínú kúbíìkì mítà ni wúrà. Pọ́ùn 1,205 ni nínú kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà. Òkúta quartz tí wọ́n jọ wà nínú iyanrìn jẹ́ 2,650 níbi àkọ́kọ́, ó jẹ́ 165 níbi kejì. Ní ọ̀nà méjèèjì, wúrà wúwo ju quartz lọ ní ìlọ́po méje ó lé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dúró sí ìsàlẹ̀ abọ́ nígbà tí omi ń gbé ìyókù lọ.

Ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra jù ni gálọ́ọ̀nù. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà tí à ń pè ní gálọ́ọ̀nù kan lọ́jà wa sábà máa ń jẹ́ lítà 4, èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ìwé kan bá sọ pé epo pupa jẹ́ pọ́ùn 9.1 nínú gálọ́ọ̀nù, gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì yóò fún wa ní kílógíráàmù 908 nínú kúbíìkì mítà, ti Amẹ́ríkà yóò sì fún wa ní 1,090. Èkejì yìí ń sọ pé epo pupa yóò rì sínú omi, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti dá iná ọbẹ̀ rí mọ̀ pé irọ́ ni. Gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé bẹ́ẹ̀ lò, òun náà ni kí a fi ṣe ìṣirò ìyókù nínú rẹ̀.