Ààyè inú firmware ló ń pinnu ìwé-ẹ̀rí ààbò tó lè wọlé

Àwọn ìwé-ẹ̀rí ààbò tí Microsoft ṣe ní ọdún 2011 fún Secure Boot (ètò tó ń rí i pé ohun tí a fọkàn tán nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan), tí wọ́n wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà tó ń lo UEFI, irú firmware òde òní, ní ọjọ́ ìparí tó bọ́ sí àárín oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹwàá ọdún 2026, àwọn ti ọdún 2023 ni yóò sì rọ́pò wọn. Ọjọ́ ìparí yìí ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ibi tí a ó fi àwọn tuntun sí nígbà tí àwọn àtijọ́ kò tí ì kúrò níbẹ̀.

Orí ṣíìpù flash kékeré tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ni firmware, ètò àkọ́kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bí a bá tan ẹ̀rọ, ń gbé, apá díẹ̀ lára rẹ̀ ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn variable, ìyẹn àwọn ohun tí firmware gbọ́dọ̀ rántí lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Nínú àwọn tí Secure Boot gbójú lé, KEK ń sọ ẹni tó láṣẹ láti yí àkójọ padà, db ń tọ́jú ohun tí a fọkàn tán, dbx sì ń tọ́jú ohun tí a ti fagi lé. Ìwé-ẹ̀rí RSA-2048 (irú ìbuwọ́lùwé tí a ń lò báyìí) kan jẹ́ nǹkan bíi kílóbáìtì kan àtààbọ̀, nítorí náà KEK àti db kì í tètè kún. dbx ló ń gba ààyè jù. Hash SHA-256 (àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì) kọ̀ọ̀kan tó wọ inú rẹ̀ jẹ́ báìtì 32, a ó tún fi báìtì 16 kún un láti sọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ètò kan tó bá sì ní àṣìṣe lè ní ẹ̀dà púpọ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àṣìṣe BootHole inú GRUB2, ètò tó ń gbé Linux dìde, hàn sí gbangba, ìwé-ẹ̀rí 3 àti hash 150 ni wọ́n fi kún dbx fún àwọn ẹ̀rọ x64. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yẹn gba nǹkan bíi kílóbáìtì 10 nínú 32 tó sábà máa ń wà fún iṣẹ́ yìí. Òun ló bí SBAT, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti ń gbé nọ́ńbà ìran rẹ̀ dání, tí shim, ètò kékeré tó ń ṣíwájú GRUB2, yóò sì dá èyíkéyìí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré ju èyí tí a là sílẹ̀ lọ dúró. Mo ka SBAT sí ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání gidigidi, nítorí báìtì díẹ̀ tó láti fagi lé gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ohun tó bá gba ọ̀dọ̀ shim kọjá nìkan ló lè ṣọ́, dbx kò sì tíì rí ìsinmi.

Ọ̀nà tí flash ń gbà ṣiṣẹ́ tún mú kí ìṣirò yìí le. A kò lè kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí níbẹ̀ láìkọ́kọ́ nu odindi búlọ́ọ̀kù. Nítorí náà, bí a bá fi hash kan ṣoṣo kún dbx, firmware tó dá lórí EDK2 (kóòdù ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ firmware UEFI ti jáde) yóò kọ odindi dbx síbòmíràn, lẹ́yìn náà ni yóò sàmì sí ti àtijọ́ pé kò wúlò mọ́, ààyè yẹn kò sì ní padà wá títí firmware yóò fi kó àwọn tó ṣì wúlò jọ, tí yóò sì nu ìyókù. Wọ́n tún ní láti ya apá mìíràn sọ́tọ̀ kí nǹkan má bàa bàjẹ́ bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́. Linux náà kì í jẹ́ kí ààyè tó kù lọ sílẹ̀ ju kílóbáìtì 5 lọ, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kò tan mọ́ lẹ́yìn tí ààyè wọn kún jù.

Ààlà méjì ló wà: ti gbogbo variable lápapọ̀, àti ti variable kan ṣoṣo. Ní ọdún 2017, OVMF, firmware kan tó dá lórí EDK2, gbé ti àkọ́kọ́ láti kílóbáìtì 56 sí 256, ó sì gbé ti èkejì láti 10 sí 33. Inú fáìlì ni èyí ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé inú ẹ̀rọ àfarawé ni OVMF ń ṣiṣẹ́. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù gidi, wọ́n ti jó ṣíìpù mọ́ ọn, ohun tí ilé-iṣẹ́ bá sì fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń kù sí. Mo rọ àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù láti wo ML-DSA-65 tó ń bọ̀, ìlànà ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ṣe láti dènà kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù: kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ báìtì 1952, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì jẹ́ 3309, nígbà tí ìbuwọ́lùwé RSA-2048 jẹ́ 256 péré. Ìwé-ẹ̀rí kan á ti ju kílóbáìtì 5 lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, àṣẹ df lórí /sys/firmware/efi/efivars yóò fi ààyè tó kù hàn bí Linux yín bá jẹ́ tuntun. Bí ó bá kéré, ẹ wá àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dump-type0, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà tí kernel (ọkàn Linux) dákú, kí ẹ sì pa wọ́n rẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní tan mọ́ bí variable wọn kan bá sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tan kí ẹ tó fi ìwé-ẹ̀rí tuntun sí i, nítorí ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tan ni firmware tó dá lórí EDK2 máa ń gba ààyè tó ti ṣófo padà.