Ọmọ Àyàn kì í san owó iléèwé

Inú mi ò dùn lónìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ìyá kan ló jókòó sẹ́yìn mi nínú dánfó Ọbáléńdé, tí wọ́n ń ro ẹjọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn tó lóun fẹ́ lọ kọ́ orin níléèwé aládàáni. "Ọmọ Àyàn kì í san owó iléèwé." Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n bọ́lẹ̀. Mo rọra fẹsẹ̀ ti àpò fáyólíìnì mi wọ abẹ́ àga.

Kíláàsì orin lọ bó ṣe ń lọ. Tíọ́rì, kọ́áyà, wọ́n mú iná lọ. Bọ́tìnnì D àárín dùùrù yẹn ṣì ń lẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Màmá yẹn ò purọ́ ṣá. Ọmọ Àyàn ò tíì mọ̀ ọ́n rìn tán tí wọ́n ti ń gbé omele lé e lọ́wọ́. Ta ni yóò gbowó lọ́wọ́ ẹ̀? Èmi, páńẹ́bítà ni bàbá mi. Ìró òòlù ni mo bá nílé.

Ó dáa, àwọn ọmọọṣẹ́ bàbá mi ńkọ́? Wọ́n ń san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n tún ń ra mínírà lọ́jọ́ fìrídọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n bí òpònú. Àmọ́ àwọn yẹn, bí wọ́n bá gba fìrídọ́ọ̀mù lónìí, mọ́tò á wọlé lọ́la. Èmi ńkọ́…

Fẹlá náà nìyẹn. Ní 1958 wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó gba iléèwé orin, Trinity College of Music, lọ. Àmọ́ bàbá tó bí bàbá ẹ̀, J. J. Ransome-Kuti, ti kọ orin sáwo ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà ní 1922. Ọmọ Àyàn lòun náà lọ́nà kan. Ọmọ Àyàn tó sanwó iléèwé! Ẹ ò rí i pé màmá yẹn ò mọ nǹkan kan.

Àbí wọ́n mọ̀.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu. Re re dò dò dò mí, re re mí re mí dò mí. Mo ti kọ ọ́ sórí ìlà, mo ti fi ohùn áátò sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí. Ohùn tẹ́nọ̀ ló kù.

Bàbá mi pè nírọ̀lẹ́. "Táàmù tó ń bọ̀, èló ni?" Mo ní màá bá wọn béèrè. Mo mọ iye ẹ̀. Owó ìdánwò orin àwọn òyìnbó, ABRSM, tún wà lọ́tọ̀, mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn rárá.