Búlúù yẹn kì í ṣe ti oòrùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ oòrùn, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹnì kan nínú yín fi máàpù Doppler (àwòrán tó ń fi àwọ̀ sọ bí oòrùn ṣe ń rìn: búlúù ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, pupa ń lọ) ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun ti rí plásímà, ìyẹn gáàsì gbígbóná oòrùn, tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ active region (ibi tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ lójú oòrùn), tó ń wá tó ń lọ bí èémí. Mo rẹ́rìn-ín, ojú tún tì mí, torí ibi témi náà ṣubú sí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ 1: ẹ mọ ibi tí òdo yín wà. EIS, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ìlà wẹ́wẹ́, tó wà lórí sátẹ́láìtì Hinode (2006 ni wọ́n gbé e lọ sókè), ò ní ohun tá a lè fi díwọ̀n ẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ibi tí ìlà Fe XII 195 (ìmọ́lẹ̀ tí irin inú plásímà ń tàn) yẹ kó wà tí plásímà bá dúró jẹ́ẹ́. Tí ìlà bá sún ní píksẹ́lì kan péré, ìyára kìlómítà 34 ní sẹ́kọ́ńdù kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tá a ń wá lè má ju mẹ́wàá, ogún lọ.

Ẹ̀kọ́ 2, áà, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tójú mi rí. Slit mi (ihò tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú ẹ̀rọ) ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú oòrùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo wá rí búlúù, pupa, búlúù, pupa, mo ṣírò ẹ̀, ó ń padà wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 98, mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, mo kọ abstract (àkópọ̀ iṣẹ́ mi), ọ̀gá mi kà á ó ní ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo dúró síwájú èrò, màmá kan bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Sátẹ́láìtì yín ńkọ́, ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń yí ayé po?"

Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi náà bá wọn rín in, ẹni tó ní ó dáa o! Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rọ yẹn ló ń gbóná tó ń tutù bó ṣe ń yípo, ìlà á sì máa sún kiri lórí detector (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ). Èyí tó burú jù ni pé búlúù-pupa tó ń pààrọ̀ ara wọn yẹn wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, níbi tí oòrùn ti pa rọ́rọ́, àmọ́ mo ti gé e dànù kí máàpù lè rẹwà.

Nígbà tí mo fi apá tí mo gé yẹn tún òdo ṣe, búlúù gidi ló kù: etí active region, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀, kò ṣẹ́jú rárá, ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi wà bẹ́ẹ̀. Nínú ìlà Si VII (ti sílíkọ́nì), tí plásímà rẹ̀ tutù ju ti Fe XII lọ, àwọn loop (plásímà tó tò gẹ́gẹ́ bí okùn) tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ nítòsí ibẹ̀ pupa ni wọ́n, plásímà wọn ń padà sọ̀ kalẹ̀, ohun tó yẹ kí n kọ abstract lé lórí nìyẹn.

Mo ti ní kí àbúrò yẹn fi máàpù tí kò tíì gé ránṣẹ́. Mo ṣì ń retí ẹ̀.