Adágún Orí Òkè: Aago Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ wo adágún tó wà lókè téńté, níbi tí igi ò ti hù mọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ gíga ọ̀nà ló ń jẹ àkókò jù. William Naismith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti fi ìṣirò kan sílẹ̀ láti ọdún 1892 tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Ká ní adágún wà ní kìlómítà 6, tó sì fi 900 mítà ga ju ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí. Ìṣirò yẹn á fún yín ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 42. Kò ka ìsinmi mọ́ ọn, kò sì mọ̀ pé ẹ̀mí máa ń há èèyàn níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ẹ ka wákàtí 4.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà ooru, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á máa ru sókè, ìkùukùu á máa ga, ọ̀sán sì ni àrá sábà máa ń sán. Níbi tí kò ti sígi, ẹ̀yin gan-an lẹ ga jù, mànàmáná ò sì ní wá ẹlòmíì lọ. Torí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti dá aago tí ẹ máa yí padà. Bó bá lù, ẹ padà, ì báà ku ìṣẹ́jú ogún péré kí ẹ débẹ̀.

Ẹ ò lè gbára lé ojú yín láti mọ iye tó kù. Yìnyín ńláńlá ayé ìgbàanì ló gbẹ́ kòtò tí omi náà wà, ó sì fi ètè àpáta tàbí òkìtì òkúta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ètè yìí ló ń bo adágún. Ẹ ó gun gegele kan, ẹ ó rò pé ó tán, òmíràn á tún yọjú. Máàpù lẹ máa gbà gbọ́.

Ooru máa ń dín kù ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6.5 lórí Celsius fún 1,000 mítà, láìka atẹ́gùn. Ẹ má wọ aṣọ òwú: bó bá ti gba òógùn, kì í tètè gbẹ, á sì máa fa ooru ara yín. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí ọ̀rá hun ló dáa, kí ẹ̀wù òjò wà nínú báàgì bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ rekete. Kí omi lítà 2 wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí.

Bàtà tuntun ò bá ibẹ̀ lọ. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń gbóná, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn kí ẹ lẹ pláásítà mọ́ ọn. Bó bá ti léròrò, ó ti pẹ́ jù. Kí ẹ tó máa sọ̀kalẹ̀, ẹ tú okùn bàtà, ẹ gbá gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wọ ẹ̀yìn bàtà dáadáa, kí ẹ wá so okùn le ní ọrùn ẹsẹ̀. Àìṣe èyí ló ń mú kí ọmọìka máa gbá iwájú bàtà títí èékánná á fi dúdú.

Lókè tó bá ju 2,500 mítà lọ, orí lè máa fọ́ yín, kí èébì máa gbé yín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gun òkè síwájú sí i. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Adágún ọ̀hún ńkọ́? Níbi tí yìnyín bá ṣì ń lọ òkúta lókè rẹ̀, ìyẹ̀fun òkúta náà ló ń sọ omi di àwọ̀ aró tí wọ́n bu wàrà sí. Omi tó mọ́ gaara pàápàá lè ní Giardia nínú, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà, kó jẹ́ ìṣẹ́jú 3, torí omi òkè máa ń hó kó tó gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀, bó ti wù kí ẹ mọ̀wẹ̀ tó: òtútù rẹ̀ á já èémí gbà lẹ́nu èèyàn, ibẹ̀ lèèyàn ti ń fa omi sínú.

Odò kékeré tí ẹ fò kọjá láàárọ̀ lè ti kún lọ́sàn-án, torí oòrùn ti ń yọ́ yìnyín lókè. Ẹ tú bẹ́líìtì báàgì kí ẹ tó wọ odò náà, kí ẹ lè ju báàgì nù bí ẹ bá ṣubú. Bí omi náà bá ti ga ju orúnkún, tó sì ń sáré, ẹ wá ibi tó ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kì í jìn.