Ìbéèrè ọmọ kan ní kíláàsì mi

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ní ìjọ wa ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní kíláàsì mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ́ Àpólò?” Mo ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:26, mo sì jẹ́ kí ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ibi tí Àkúílà àti Pìrìsílà aya rẹ̀ ti mú Àpólò, oníwàásù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ náà, sọ́dọ̀, tí wọ́n sì la ọ̀nà Ọlọ́run yé e dáadáa. Jákọ́bù 3:1 ń bà mí lẹ́rù gan-an, nítorí ìdájọ́ àwa olùkọ́ ni yóò le jù, síbẹ̀ n kò lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó tún bi mí pé, “Ṣé tíṣà ni Pìrìsílà náà?” Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.