Korobá Omi Tó Wà ní Ẹ̀gbẹ́ Pápá

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù gbígbá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, korobá omi kan máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ife oníke kan ṣoṣo a sì máa léfòó lórí omi náà. Bí mo bá ti fọn fèrè ìsinmi, gbogbo wọn a rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ a bu omi mu, a fi ìyókù yọ ẹnu, a tu ú sílẹ̀, a sì sọ ife padà sínú korobá pẹ̀lú itọ́ tó wà létí rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo nǹkan yìí láì kà á sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe é nígbà èwe wa.

Ọdún 2020 ló là mí lójú. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún náà, líìgì orílẹ̀-èdè wa dúró, wọn kò sì gbá èyí tó kù mọ́. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ padà sórí pápá nínú àwọn líìgì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, láìsí òǹwòran kankan. Bí mo ti ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun kan rú mi lójú: àwọn tó jókòó tí wọn kò tíì wọlé wọ ìbòmú, wọ́n sì fi àlàfo sáàárín ara wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lórí pápá ń forí gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń já a gbà mọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tó yá ni ó yé mi. Ní ìta gbangba, atẹ́gùn máa ń gbé èémí ẹni lọ, ìfarakanra àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í sì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Jíjókòó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ níbi tó há ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Èmi fúnra mi kò fi ọgbọ́n náà ṣe nǹkan kan títí di ọjọ́ tí a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkọ̀lé. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni a gbà, a sì fún ara wa mọ́ inú rẹ̀. Láti Ìfàkì ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti gbogbo fèrèsé, àwọn ọmọ sì ń kọrin kíkankíkan. Ọmọ kan tó jókòó nítòsí mi ń fi aṣọ di ẹnu wúkọ́, ó ní eruku ni. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ márùn-ún ti dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ibà àti ikọ́, mẹ́rin nínú wọn ló sì jókòó yí i ká nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo lọ kí i nílé ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ara ọmọ náà ti ń gbóná láti àná ìrìn àjò wa, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, ẹlòmíràn yóò gba ipò òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀finkìn kì í dá ọkùnrin dúró sílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ àìsàn kò ní pàdánù ipò rẹ̀, èmi ni n ó sì máa bá a tọ́jú jẹ́sì rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe, èyí ni mo gbà pé ó lágbára jù. Ẹni tí ibà ṣe kò sì gbọdọ̀ sáré padà sẹ́nu ìdánrawò lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, nítorí pé àwọn àrùn bíi kòrónà lè kan ọkàn. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tó ń mí gúlegúle, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà tí onígbáméjì ń gbà yàtọ̀ pátápátá. Atẹ́gùn ìta kò ní ipa kankan lórí rẹ̀, inú omi àti ọwọ́ tó kan ìgbẹ́ ló ń gbà wọ ẹnu, ẹni tó sì ń gbé e kiri lè máà ní àmì kankan lára. Ibí yìí ni ife kan ṣoṣo yẹn ti lè pa odidi ẹgbẹ́ lára. Ní báyìí, olúkúlùkù ló ń mú ike omi tirẹ̀ wá, a sì kọ orúkọ sí i lára. Ẹni tó bá ra píọ́ wọ́tà gbọ́dọ̀ fọ ara ọ̀rá náà àti ọwọ́ rẹ̀ kó tó fi eyín ya igun rẹ̀, nítorí a kì í mọ ibi tí ọ̀rá náà ti bá wá. Sanitáísà kò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó kún fún ẹrẹ̀ pápá; ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni a nílò. Ní ti ibà Lassa, tó lè ti ara aláìsàn ran ẹlòmíràn nípa ẹ̀jẹ̀ àti omi ara, òfin bọ́ọ̀lù ti ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi dá.

Korobá náà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ṣùgbọ́n a ti lu ihò sí i nísàlẹ̀, ọwọ́ ni a fi omi inú rẹ̀ ń fọ̀. Ní ọjọ́ ajé tó kọjá, ọmọ kan nawọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí." Mo ní kó jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ká jẹ́sì rẹ̀ sínú àpò mi.